Láti Ọjà Àpòmù dé Ẹnu Ibodè Amẹ́ríkà

Bí ẹ bá ti Ìbàdàn ń bọ̀, tí ẹ ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀, tí ẹ sì ti rékọjá odò Ọ̀ṣun ní Aṣèjírè, níbi tí wọ́n ti sé odò náà tí omi rẹ̀ fi ń lọ sí ilé àwọn ará Ìbàdàn láti ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ ti wọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nìyẹn. Kò ní í pẹ́ tí ẹ ó fi máa gbọ́ ohùn àwọn tó ń sáré tẹ̀lé mọ́tò: "Dòdò Ìkirè rèé o!" Ẹni tí kò bá jẹ ẹ́ rí lè rò pé dòdò lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá àlà ni wọ́n ń gún pọ̀ mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n ń dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú, tí wọn yóò sì dì í ṣùṣù. Ó dùn, ó ta, ó sì máa ń pẹ́ kó tó bàjẹ́. Nítorí náà ló ṣe jẹ́ oúnjẹ arìnrìn-àjò.

Mo ra mẹ́ta ní ọjọ́ Sátidé tí mo ń sọ yìí, mo sì bọ́ sílẹ̀ ní Ìkirè, mo wọ ọ̀kadà lọ sí Àpòmù. Ẹni tó bá jẹ́ àlejò kò ní í mọ ibi tí Ìkirè parí sí àti ibi tí Àpòmù ti bẹ̀rẹ̀. Ìkirè ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́wọlé, Akirè ni ọba wọn. Àpòmù ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìsọ̀kan, Alápòmù ni ọba tiwọn. Ṣùgbọ́n adìẹ ìlú kan a máa jẹ̀ dé ìlú kejì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ wa ni mo lọ kí. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ti bímọ ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, ọmọ náà sì ti wálé fún ọ̀sẹ̀ méjì láti mú ìyá rẹ̀ lọ, kí ó lè bá wọn wẹ ọmọ jòjòló. Ìyá ti gba físà. Kò sí ohun tó kù ju ìrìn àjò lọ. Àmọ́ nígbà tí mo wọlé, mo bá ìyá níbi tí ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Pásítọ̀, ẹ káàbọ̀. Ọlọ́run ló rán yín wá. Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnì kan tó ń bá àwọn ènìyàn ṣe ìwé ìrìnnà ti sọ fún un pé káàdì kan wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fún "àwọn tí wọ́n fọkàn tán". Ó ní bí Ìyá bá ní i, kò ní í tò sórí ìlà, ẹnikẹ́ni kò ní í bi í ní ìbéèrè, yóò kàn kọjá fìrì bí afẹ́fẹ́ ni. Owó tí ó béèrè tó èyí tí ènìyàn fi ń bo ilé yàrá méjì. Ìyá ti fún un ní ìdajì. Ẹ̀rù ló jẹ́ kí ó san án. Ìyá kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ti kó ìtàn oríṣiríṣi sí i létí nípa àwọn òṣìṣẹ́ imigréṣọ̀n.

N kò fẹ́ kí Ìyá rò pé mò ń sọ̀rọ̀ ohun tí n kò mọ̀, nítorí náà mo sọ tèmi fún un. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin jọ sọ̀ kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú kan lọ́hùn-ún. Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni ọmọ mi ń ṣe, ó sì ní káàdì yìí. Ó ní, "Dádì, ẹ máa tẹ̀lé àwọn wọ̀nyẹn, màá dúró dè yín níbi ẹrù." Kí n tó yí ojú padà, ó ti lọ. Èmi dúró lórí ìlà títí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Nígbà tí ó kàn mí, wọ́n bi mí ní orúkọ àdúgbò tí mò ń lọ, n kò rántí, ọ̀dọ̀ ọmọ mi sì ni ìwé tí mo kọ ọ́ sí wà. Wọ́n mú mi lọ sí yàrá kan, mo jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé. Kò sí ẹni tó ṣe mí ní ibi, ṣùgbọ́n ó lé ní wákàtí méjì kí n tó rí ọmọ mi, òun náà sì ti ń làágùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti wádìí káàdì yìí dáadáa.

Àǹfààní yìí kì í ṣe irọ́. Ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ ibodè ló dá èyí tí wọ́n ń pè ní Global Entry sílẹ̀ ní 2008. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò san dọ́là 120, wọn kì í sì í dá owó náà padà bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ̀ fún un. Wọn yóò tú ìwà rẹ̀ wò láti ẹ̀yìn wá: ṣé ó ti dé ẹ̀wọ̀n rí, ṣé ó ti ṣẹ̀ sí òfin aṣọ́bodè rí. Lẹ́yìn náà ni òṣìṣẹ́ kan yóò fi ojú kojú bá a sọ̀rọ̀, tí wọn yóò gba àwòrán rẹ̀ àti ìtẹ̀ka rẹ̀. Bí ó bá yege, ọdún márùn-ún ni yóò fi lò ó. Bí ó bá ti ìlú òkèèrè dé, ẹ̀rọ kan yóò wo ojú rẹ̀, òṣìṣẹ́ yóò wò ó fìrí, ó parí. Òmíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní TSA PreCheck, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011. Ìyẹn wà fún ẹni tó ń wọ ọkọ̀ òfurufú láàárín Amẹ́ríkà tàbí tó ń ti ibẹ̀ jáde lọ: kò ní í tú bẹ́líìtì, kò sì ní í yọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ kúrò nínú àpò. Ẹni tó bá ní ti àkọ́kọ́ ní ti èkejì mọ́ ọn. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi ṣe fàájì pàápàá ní tiwọn. Ní àwọn èbúté bíi Miami, ètò orí fóònù kan wà tí wọ́n ń pè ní Mobile Passport Control, tí ọmọ orílẹ̀-èdè náà tàbí ẹni tó ní gíríìn káàdì lè fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ kí ó tó dé iwájú òṣìṣẹ́, láìsan kọ́bọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá kan Ìyá ni pé orílẹ̀-èdè Nàìjíríà kò sí lára àwọn tí wọ́n ń gba Global Entry fún. Ọmọ Amẹ́ríkà lè gbà á, ẹni tó ní gíríìn káàdì lè gbà á, àti àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè díẹ̀ tí ìjọba wọn ti bá Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn, bíi Íńdíà, Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó mú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nìkan lọ́wọ́, tí ó gba físà àbẹ̀wò, kò lè gbà á, ìbáà ṣe bíṣọ́ọ̀bù, ìbáà ṣe ọlọ́jà. Nítorí náà, káàdì tí ọkùnrin yẹn fẹ́ tà fún Ìyá kò sí níbì kankan.

Ìyá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá béèrè ohun tí n kò retí: "Kí ló dé tí wọn kò fọkàn tán wa?"

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè ńlá ni. Mo lè sọ fún un nípa ọjọ́ Kérésìmesì 2009, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Nàìjíríà kan di bọ́ǹbù mọ́ abẹ́ aṣọ rẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú tó ń ti Amsterdam lọ sí Detroit. Bọ́ǹbù náà kò bú gbàmù bó ṣe fẹ́, àwọn èrò inú ọkọ̀ sì gbá a mú. Ní January 2010, Amẹ́ríkà kọ orúkọ orílẹ̀-èdè 14 sílẹ̀ pé kí wọ́n máa tú ara àwọn tó bá ti ibẹ̀ wá dáadáa, Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Ó di April ọdún náà kí wọ́n tó yí òfin náà padà. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn ìyá tó ń lọ wẹ ọmọ ló dúró lórí ìlà. Mo sọ èyí fún un. Ṣùgbọ́n ìlú tí a jókòó sí gan-an ní ìtàn tó ju èyí lọ lórí ọ̀rọ̀ náà, Ìyá sì mọ apá kan nínú rẹ̀ láti ẹnu àwọn àgbà.

Nígbà láéláé, ọjà Àpòmù kì í ṣe ọjà kékeré. Ilẹ̀ Ifẹ̀ ni ó wà, ó sì súnmọ́ ààlà Òwu. Ibẹ̀ ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Òwu ti ń pàdé àwọn Ìjẹ̀bú tó ń kó ọjà bọ̀ láti etí òkun. Àwọn Ìjẹ̀bú kì í jẹ́ kí àjèjì gba ìlú wọn kọjá nígbà náà, títí ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣí ọ̀nà wọn ní 1892, nítorí náà Àpòmù di ibi tí ayé ti ń pàdé ayé. Àlùfáà Samuel Johnson, ọkùnrin Ọ̀yọ́ tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá tán ní 1897, tí wọn kò sì tẹ ìwé náà jáde títí di 1921, sọ pé wọ́n ń jí ènìyàn gbé ní ọjà yìí, pàápàá àwọn ará Ọ̀yọ́, wọ́n sì ń tà wọ́n lẹ́rú. Aláàfin Abíọ́dún ránṣẹ́ sí Olówu àti Ọọ̀ni pé kí wọ́n máa ṣọ́ ọjà náà kí àwọn èrò lè lọ kí wọ́n sì bọ̀ ní àlàáfíà.

Ọ̀kan nínú ohun tí Johnson kọ kì í kúrò lọ́kàn mi. Ó ní kí Aólẹ̀ tó di Aláàfin, nígbà tí ó ṣì ń ṣòwò kiri, ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ rìn wá sí Àpòmù. Àwọn méjèèjì jọ jáde nílé, wọ́n jọ jẹ, wọ́n jọ sùn lọ́nà. Nígbà tí wọ́n dé ọjà, Aólẹ̀ ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà lẹ́rú. Wọ́n mú ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ Àpòmù. Baálẹ̀ wá ọkùnrin náà rí, ó gbà á padà, ó sì ní kí wọ́n na Aólẹ̀ dáadáa. Òfin tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ ló ṣe. Àmọ́ nígbà tí Aólẹ̀ gorí oyè, ó rántí pàṣán. Ó fẹ́ kó ogun ja Àpòmù, Baálẹ̀ sá lọ bá Ọọ̀ni, nígbà tí ó sì rí i pé ìlú yóò parun nítorí òun, ó pa ara rẹ̀, wọ́n sì gbé orí rẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹni tó gba arìnrìn-àjò sílẹ̀ ló kú. N kò tíì rí òpó tàbí òkúta kan ní Àpòmù tí a fi rántí baálẹ̀ yìí, ó sì ń dùn mí.

Lẹ́yìn ìgbà náà, nígbà tí apá Ọ̀yọ́ kò ká ọ̀nà mọ́, jíjí ènìyàn gbé tún gbilẹ̀. Àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ ránṣẹ́ sí Olówu pé kí ó dá sí i. Òwu ṣe é tagbára-tagbára: wọ́n run ọ̀pọ̀ ìlú Ifẹ̀, Àpòmù àti Ìkirè sì wà lára wọn. Ifẹ̀ gbógun dìde, Òwu ṣẹ́gun wọn. Inú ti ń bí gbogbo ènìyàn báyìí nígbà tí ìjà kan ṣẹlẹ̀ ní ọjà Àpòmù yìí kan náà, láàárín ará Òwu kan àti obìnrin Ìjẹ̀bú tó ń ta atare. Igba igba ni obìnrin náà to atare rẹ̀ sí. Ẹni tó rà á kà á, ó ní 199 ni. Obìnrin ní igba ni. Nítorí èso atare kan, wọ́n lu ara wọn, ẹ̀mí lọ, Ìjẹ̀bú dara pọ̀ mọ́ Ifẹ̀, ìlú Òwu sì tú pátápátá ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn. Àwọn ọmọ Òwu fọ́n káàkiri títí dé Abẹ́òkúta.

Ní ayé ìgbà náà pàápàá, "káàdì" wà. Oníbodè ló ń jókòó sí ẹnubodè ìlú, òun ló ń gba owó ibodè, tí ó sì ń bi àlejò pé ọmọ ta ni, ọ̀dọ̀ ta ló ń lọ. Ẹni tó bá lè dárúkọ onílé kan ní ìlú náà yóò kọjá. Ẹni tí kò bá lè dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ̀rù yóò máa bà á. Àwọn ìlàrí Aláàfin ní tiwọn kò nílò àlàyé púpọ̀: wọ́n fá apá kan orí wọn, wọ́n dá apá kejì sí. Ẹni tó bá rí orí náà ti mọ ilé tó ti jáde. Bí ẹ̀rọ Amẹ́ríkà ṣe ń wo ojú ènìyàn lónìí ni oníbodè ṣe ń wo orí ìlàrí. Ẹ sì rántí Nehemáyà: kí ó tó kúrò ní Súsà, ó tọrọ ìwé lọ́wọ́ ọba sí àwọn gómìnà òdì kejì odò, kí wọ́n lè jẹ́ kí ó kọjá títí yóò fi dé Júdà. Ó ti gbààwẹ̀, ó ti gbàdúrà, síbẹ̀ ó tọrọ ìwé.

Àwa náà láàárín ara wa ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ti ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ní May 29, 1979, ní Dakar, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò wa tó ń gba Ṣẹ́mẹ̀ lọ sí Kùtọnu bí iye ibi tí wọ́n ti ń dá wọn dúró ṣe pọ̀ tó. N kò ní í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí a sọ̀rọ̀ dé ibí yìí ni ọmọ Ìyá wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Mo bi í bóyá ó ní Global Entry. Ó ní òun ní i, ó ti lé ní ọdún mẹ́ta. Mo bi í bí òun àti Ìyá yóò ṣe ṣe é bí wọ́n bá dé ibodè. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, màá gba ọ̀nà tèmi, màá lọ máa wá ẹrù, kí Màámi tó dé màá ti kó gbogbo rẹ̀ jọ."

Mo wo Ìyá, Ìyá wo ilẹ̀. N kò dá ọmọ náà lẹ́bi. Ohun tí ọmọ tèmi rò náà nìyẹn. Mo ṣàlàyé fún un pé káàdì òun kò lè mú ẹlòmíràn kọjá, àní ọmọ ọwọ́ pàápàá gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní dandan kí ẹni tó ní i lò ó. Ó lè tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sórí ìlà gígùn náà, kí ó sọ fún òṣìṣẹ́ pé ìyá òun rèé, Yorùbá ni ó gbọ́. Kí Ìyá fúnra rẹ̀ mú ìwé tí a kọ àdírẹ́sì sí dání, àti nọ́ńbà fóònù, àti tíkẹ́ẹ̀tì tí yóò fi padà. Kí wọ́n má ṣe kó o sínú àpò ọmọ. Bí orúnkún Ìyá bá ń dùn ún, kí wọ́n sọ fún iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò pé àwọn ń fẹ́ kẹ̀kẹ́ arọ, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń tì í. Bí wọ́n bá sì bi Ìyá ní ohun tí ó wá ṣe, kí ó sọ òtítọ́ pé òun wá kí ọmọ òun àti ọmọ ọmọ òun, àti ọjọ́ tí òun yóò padà. Kí ó má ṣe há ìdáhùn tí ẹnì kan kọ fún un sórí.

Ọmọ náà fọwọ́ pa orí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màámi. N kò rò ó dé ibẹ̀."

"Kí ni ìbínú ibẹ̀?" ni Ìyá wí, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ó dìde, ó lọ sínú yàrá, ó sì gbé báàgì ńlá kan jáde láti fi ẹrù rẹ̀ hàn mí. Gààrí wà níbẹ̀, èlùbọ́ wà níbẹ̀, ẹran gbígbẹ wà níbẹ̀ nínú bébà, àti dòdò Ìkirè tí wọ́n dì mọ́ àárín aṣọ bí ẹni pé wọ́n ń fi í pamọ́. Ó ní ìyàwó ọmọ òun ti ń tọrọ rẹ̀ láti ìgbà oyún.

Mo ní kí wọ́n yọ ẹran kúrò, nítorí ẹran kò lè kọjá. Àwọn oúnjẹ tó kù, kí wọ́n sọ ọ́ jáde fún òṣìṣẹ́ pé ó wà, kí òṣìṣẹ́ wá pinnu. Ẹni tó bá sọ ọ́, èyí tó burú jù ni pé wọn yóò gba oúnjẹ náà. Ẹni tó bá fi pamọ́ lè san owó ìtanràn, bí ó bá sì jẹ́ ẹni tó ní Global Entry, wọ́n lè gba àǹfààní náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà fo sókè, kò mọ̀ pé ẹran ìyá òun lè pa káàdì òun.

A jọ tẹ ọkùnrin oníwèé náà láago lórí owó Ìyá. Ìgbà àkọ́kọ́, ó gbé e, ó ní òun wà nínú mọ́tò. Ìgbà kejì, fóònù rẹ̀ ti kú. Ọmọ Ìyá ní òun yóò lọ bá a nílé ní ọjọ́ Mọ́ńdè pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n bàbá òun tó jẹ́ ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì.

Ilẹ̀ ti ń ṣú, mo sì ní láti rí mọ́tò wọ̀ padà. Bí mo ṣe ń wọ bàtà mi, Ìyá ti yọ dòdò náà kúrò nínú aṣọ, ó tò ó sórí tábìlì, ó ń kà á. Ọmọ rẹ̀ mú bébà, ó ń kọ gbogbo oúnjẹ inú báàgì náà sílẹ̀.

"Mélòó ni kí n kọ, Màámi?"

"Mẹ́wàá," ni Ìyá wí. Ó dúró díẹ̀, ó tún un kà. "Mẹ́wàá ni. Má kọ mẹ́sàn-án o."